Òwò Pẹ̀lú Òkè Òkun: Ohun Tí Òfin Sọ, Kẹ́ ẹ Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles ti ilé-ẹjọ́ gíga nílùú London gbé ìdájọ́ kan kalẹ̀ tó jẹ́ kí Nàìjíríà mí kanlẹ̀. Gbèsè tó ti wú di bílíọ̀nù 11 dọ́là ni ìdájọ́ náà ṣínà bí yóò ṣe kúrò lọ́rùn orílẹ̀-èdè yìí. Ìwé àdéhùn kan ṣoṣo ló fa gbèsè ọ̀hún. Ilé-iṣẹ́ tó sì ń béèrè owó náà kò kọ́ ohun tó ní òun máa kọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa lè máa bi ara yín pé kí ló kan ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ l'Ẹdẹ nínú ẹjọ́ ìjọba. Kí ló kan ẹni tó ń kó pátì mọ́tò wọlé láti Ṣáínà, tàbí ìyá tó ń fi èlùbọ́ àti gààrí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham? Ó kàn wọ́n gan-an ni. Irú àléébù tó wà nínú ìwé ìjọba yẹn náà ló ń wà nínú ìwé òwò kéékèèké tí àwa náà ń tọwọ́ bọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìjọba rí owó fi ja ẹjọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú pópó ò lè rí i.

Ìdí nìyí tá a fi kó àwọn òfin tó ṣe pàtàkì jọ síbí, kẹ́ ẹ lè kà á, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ P&ID ṣe bẹ̀rẹ̀

Process and Industrial Developments lorúkọ ilé-iṣẹ́ náà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí P&ID. Ọmọ ilẹ̀ Ireland méjì, Michael Quinn àti Brendan Cahill, ló dá a sílẹ̀. Erékùṣù British Virgin Islands ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ yìí àti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ogún ọdún.

Àdéhùn náà kò díjú. Ìjọba yóò máa gbé gáàsì wá. P&ID yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa sẹ́ gáàsì náà sí Calabar, yóò dá èyí tó ti mọ́ padà fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ṣe iná mànàmáná, yóò sì máa ta ohun tó bá sẹ́ jáde lára rẹ̀ fún èrè tirẹ̀.

Ìjọba ò gbé gáàsì wá. P&ID náà ò kọ́ ilé-iṣẹ́. Ní ọdún 2012, P&ID gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní arbitration. Ìgbìmọ̀ onílàjà ni, tí àwọn méjì tó jọ ń ṣòwò ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kó máa dájọ́ fún àwọn dípò kóòtù. Ẹni mẹ́ta ló jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2017, méjì nínú wọn ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Èrè tí wọ́n ní P&ID ìbá jẹ láàárín ogún ọdún nìyẹn. Wọ́n tún fi èlé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lé e. Ẹnì kẹta wọn, Olóyè Bayo Ojo, tó ti ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ Nàìjíríà rí, kò fara mọ́ iye yẹn. Owó tí òun fẹ́ kí wọ́n san kéré sí i púpọ̀. Èlé orí owó náà nìkan ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lójúmọ́.

Gbólóhùn kan tó gbé ẹjọ́ dé London

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí omi ti gba wọ inú igbá. Ìwé àdéhùn náà sọ pé òfin Nàìjíríà ni yóò darí àwọn, ó sì dárúkọ òfin Nàìjíríà lórí arbitration. Ṣùgbọ́n ó fi gbólóhùn kan kún un pé London ni wọn yóò ti máa gbọ́ ẹjọ́.

Nàìjíríà ní ibi tí wọn yóò gbé àga sí lásán ni gbólóhùn yẹn ń tọ́ka sí, pé kóòtù Nàìjíríà ló láṣẹ lórí ìgbìmọ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó tiẹ̀ fagi lé ìdájọ́ tí ìgbìmọ̀ náà ti kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 2015. Àmọ́ ìgbìmọ̀ ní rárá o, London ni àwọn fìdí kalẹ̀ sí lójú òfin, kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì lè yẹ iṣẹ́ àwọn wò. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, adájọ́ kan ní London gbà pẹ̀lú wọn. Bí ìdájọ́ tí kóòtù Èkó ṣe kò ṣe ní agbára kankan lọ́hùn-ún nìyẹn.

Ohun tó yọ Nàìjíríà níkẹyìn ni pé àṣírí jìbìtì tú. Adájọ́ Knowles rí i pé P&ID fún òṣìṣẹ́ àgbà kan nínú ẹ̀ka òfin iléeṣẹ́ epo ní rìbá. Ó rí i pé Quinn parọ́ nínú ẹ̀rí tó kọ síwájú ìgbìmọ̀. Ó tún rí i pé àwọn ìwé àṣírí tí àwọn lọ́yà Nàìjíríà kọ bọ́ sọ́wọ́ P&ID nígbà tí ẹjọ́ ń lọ, tí wọn ò sì dá a padà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe wọ́gi lé gbèsè náà. Ká ní kò sí jìbìtì níbẹ̀ ni, ìwé lásán ni yóò kù, ìwé yẹn ò sì dáàbò bo Nàìjíríà.

Owó tí Nàìjíríà ná sórí ẹjọ́ yìí ní London lé ní mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn. Nígbà tó kan kí P&ID dá owó ẹjọ́ padà, wọ́n ní náírà ni kí àwọn fi san án, torí wọ́n mọ̀ pé náírà ti já wálẹ̀. Ìjà orí irú owó tí wọn yóò san yẹn nìkan lọ títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2025, wọ́n dájọ́ níbẹ̀ pé pọ́n-ùn ni P&ID máa san.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Kẹ́ ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ gáàsì nìkan ni, ẹ wo Ìgbẹsà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ṣètò àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ sí. Ilé-iṣẹ́ kan láti Ṣáínà tó ń jẹ́ Zhongshan Fucheng ní iṣẹ́ níbẹ̀ láti ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fòpin sí àdéhùn náà. Ilé-iṣẹ́ ọ̀hún gba abẹ́ àdéhùn ìdókòwò tó wà láàárín Ṣáínà àti Nàìjíríà, ó pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ onílàjà. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2021, ìgbìmọ̀ náà ní kí Nàìjíríà san owó tó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là, láì tíì ka èlé.

Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, kóòtù kan nílùú Paris pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ bàlúù mẹ́ta tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nítorí gbèsè náà. Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ o, Faransé ni wọ́n ti mú bàlúù.

Báwo nìyẹn ṣe ṣeé ṣe? Àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ṣe nílùú New York ní ọdún 1958. Ó lé ní 170 orílẹ̀-èdè tó ti wọ̀ ọ́. Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní ọdún 1970, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ṣáínà, Amẹ́ríkà àti Faransé náà wà níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí ìgbìmọ̀ onílàjà bá dájọ́ ní orílẹ̀-èdè kan, kóòtù àwọn orílẹ̀-èdè yòókù yóò bá ẹni tó jàre gba owó rẹ̀, àfi bí ìdí tó lágbára bá wà láti má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ kóòtù lásán ò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè jàre ní kóòtù Òṣogbo, kẹ́ ẹ gba ìwé ìdájọ́, kó má sì sí ohun tẹ́ ẹ lè fi ṣe ní Guangzhou bí oníbàárà yín ò bá ní dúkìá kankan ní Nàìjíríà.

Ìbéèrè márùn-ún kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé òwò kankan pẹ̀lú ará òkè òkun, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún yìí.

Èkíní: Ta lẹ̀ ń bá ṣòwò? Fọ́tò orí WhatsApp kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì Companies House, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ àwọn olùdarí rẹ̀ àti bóyá ó ṣì wà láàyè. Bí ó bá jẹ́ ti Ṣáínà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́ lédè Ṣáínà, torí orúkọ yẹn ni òfin wọn mọ̀. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sórí káàdì lè máà túmọ̀ sí nǹkan kan. Kí èdìdì ilé-iṣẹ́ náà sì wà lórí àdéhùn. Kí orúkọ tó wà lórí àdéhùn àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tẹ́ ẹ máa sanwó sí bára mu. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sanwó sí àkáǹtì ẹnì kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá àwọn, ẹ dúró ná.

Èkejì: Òfin ibo ló máa darí àdéhùn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì á tún kọ́kọ́ ja ìjà orí òfin tẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ tó débi ọ̀rọ̀ owó gan-an.

Ẹ̀kẹta: Níbo lẹ máa ti yanjú ìjà? Ibi tí P&ID ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí wa mú nìyí. Ẹ má kọ ìlú kan síbẹ̀ torí pé orúkọ rẹ̀ dùn létí. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ lè san owó lọ́yà níbẹ̀. Láti ọdún 2023, Nàìjíríà ti ní òfin tuntun lórí arbitration àti ìlàjà, tó rọ́pò èyí tó ti wà láti ọdún 1988. Ẹ lè kọ ọ́ pé Èkó ni ìgbìmọ̀ onílàjà yóò fìdí kalẹ̀ sí lójú òfin, kì í ṣe pé ibẹ̀ ni wọn yóò kàn ti máa pàdé. Ẹ kọ iye onílàjà náà síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó fún òwò kékeré, torí ẹ̀yin lẹ máa sanwó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Irú owó wo, ìgbà wo, ọ̀nà wo? Kí oṣù Kẹfà, ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní iye tí ìjọba ń pè é. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju ₦1,500 lọ. Ẹni tó ti bá oníbàárà rẹ̀ nílé sọ iye ọjà ní náírà, tó sì jẹ gbèsè dọ́là fún ẹni tó fún un lọ́jà, ó ye é dáadáa. Bí dọ́là lẹ máa fi rajà, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pẹ̀lú oníbàárà nílé pé iye náà lè yí padà bí pààrọ̀ owó bá yí kọjá ìwọ̀n kan.

Ní ti ọ̀nà ìsanwó, èyí tó léwu jù fún olùrajà ni kó san gbogbo owó kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Èyí tó léwu jù fún ẹni tó ń tajà ni kó kó ọjà lọ kó máa retí owó. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni lẹ́tà bánkì tí wọ́n ń pè ní letter of credit. Bánkì olùrajà á ṣèlérí láti sanwó bí ẹni tó ń tajà bá kó gbogbo ìwé tí wọ́n béèrè wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìwé ni bánkì ń wò, kì í wo ọjà. Bí ìwé bá pé, bánkì á sanwó, kódà bí òkúta ló wà nínú kọ̀ǹténà. Bí lẹ́tà kan bá sì yàtọ̀ nínú orúkọ yín, bánkì lè kọ̀. Torí náà, ẹ fi ìwé àyẹ̀wò ọjà láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ti olùtajà kún ohun tí bánkì yóò béèrè.

Ẹ̀karùn-ún: Ta ló ru ewu bí ọjà bá bàjẹ́ lójú omi? Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìwé òwò. Incoterms ni wọ́n ń pè é, ti ọdún 2020 ló sì wà lóde báyìí. FOB túmọ̀ sí pé iṣẹ́ olùtajà parí nígbà tí ọjà bá ti wọ inú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté tiwọn. CIF túmọ̀ sí pé olùtajà ló máa san owó ọkọ̀ àti ti adójútòfò títí dé èbúté tiyín. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Nínú CIF náà, láti ìgbà tí ọjà bá ti wọ ọkọ̀ lọ́hùn-ún ni ewu rẹ̀ ti bọ́ sórí ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á. Bí ó bá rì, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ rí i dájú pé ìwé adójútòfò náà wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ sì mọ iye tó kájú.

Ìwé tí ìjọba tiwa ń béèrè

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni ewu ti ń wá. Bí ìwé yín ò bá pé nílé, ọjà lè jẹrà ní Apapa.

Ẹni tó fẹ́ kó ọjà jáde gbọ́dọ̀ ti forúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kó sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tó ń rí sí kíkó ọjà lọ sókè òkun. Á lọ sí bánkì rẹ̀ láti kún fọ́ọ̀mù NXP. Ọjà oko nílò ìwé ìlera irúgbìn lọ́dọ̀ NAQS. Oúnjẹ tí wọ́n ti ṣe sínú páálí tàbí ọ̀rá nílò NAFDAC. Owó tẹ́ ẹ bá pa lórí ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì gbọ́dọ̀ wọ inú àkáǹtì yín ní Nàìjíríà láàárín 180 ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà wọ ọkọ̀. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì tàpá sí i lè pàdánù àǹfààní láti tún kún fọ́ọ̀mù mìíràn.

Ẹni tó ń kó ọjà wọlé ní láti kún Form M ní bánkì kí ọjà tó kúrò lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ nílò ìwé SONCAP láti ọ̀dọ̀ SON. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bánkì tàbí agẹ́ńtì tó níwèé àṣẹ bóyá ọjà yín wà lára àwọn tí ìjọba fòfin dè, kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí kọ̀ǹténà ti gúnlẹ̀.

Òfin ibi tí ọjà ń lọ

Ọjà tí kò ní àléébù lójú wa lè rú òfin lójú wọn. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2015, ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró. Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ni dichlorvos, ìyẹn oògùn apakòkòrò tó wà nínú ìgò tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Sniper. Ó ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ. Ẹni tó fín oògùn sí ẹ̀wà rẹ̀ àti ẹni tí kò fín, gbogbo wọn ni ilẹ̀kùn tì mọ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti kan kòkó, ohun ọ̀gbìn tí a mọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ́. Láyé àwọn baba wa, bí kòkó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin l'Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán lọ́wọ́ àgbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Yúróòpù ṣe òfin kan ní ọdún 2023 pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2020 wá kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tó ń kó kòkó wọlé lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko gan-an tí wọ́n ti ká a lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ àwọn olùrajà ńláńlá ti ń béèrè ìwé ibi tí oko wà láti ìsinsìnyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kòkó lábúlé, ẹ máa kọ orúkọ àgbẹ̀ àti ibi tí oko rẹ̀ wà sílẹ̀. Ẹ má da ti ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Ẹ má sì tọwọ́ bọ̀wé pé gbogbo kòkó yín bá òfin yẹn mu bí ẹ ò bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kútọnu àti Lomé náà, òkèèrè ni

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka Kútọnu sí òkèèrè, torí Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, ọkọ̀ á sì gbé yín dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n òfin òwò tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún kì í ṣe tiwa. Benin àti Togo wà nínú OHADA, àjọ orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún tó ń lo òfin òwò kan náà. Faransé ni èdè tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣiṣẹ́. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé Faransé síwájú yín, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ torí pé ẹni tó gbé e wá ń sọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan tí kì í ṣe tiwọn túmọ̀ rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ èyí tó máa lékè sínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni àbí Faransé.

Ẹ rántí bí ìjọba Nàìjíríà ṣe ti ẹnubodè ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, tí wọn ò ṣí i títí di oṣù Kejìlá, ọdún 2020. Ọjà há sọ́nà, gbèsè ò dúró. Ìdí nìyí tí àdéhùn fi gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ kan lórí ìṣẹ̀lẹ̀ tó ju agbára ẹni lọ: bí ìjọba bá ti ẹnubodè, bí ogun tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, ta ló máa dúró de ta, fún ìgbà mélòó, ṣé owó tí wọ́n ti san á padà? Àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, ọdún 2021 máa dín owó orí ọjà kù díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò ní bá yín kọ ẹsẹ̀ yẹn sínú ìwé.

Gbájú-ẹ̀ àti rìbá

Jìbìtì tó ń ṣe àwọn oníṣòwò lọ́ṣẹ́ jù báyìí ò la ariwo lọ. Ọ̀daràn á já wọ inú ímeèlì yín tàbí ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣòwò, á máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Nígbà tó bá ku dẹ̀dẹ̀ kẹ́ ẹ sanwó, á fi lẹ́tà ránṣẹ́ bí ẹni pé ẹnìkejì yín ló kọ ọ́, pé àwọn ti pààrọ̀ àkáǹtì. Owó náà kì í sábà padà. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ló dájú: ẹ pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà tuntun yẹn, kẹ́ ẹ fi ẹnu béèrè. Ẹ tún kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ àkáǹtì láì jẹ́ pé wọ́n fi ohùn fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń rò pé òun lè gba owó òyìnbó nípa irọ́, òfin ọdún 2006 lórí jìbìtì owó àsanṣáájú wà fún un. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í dín ní ọdún méje, ó lè tó ogún ọdún, kò sì sí àyè owó ìtanràn dípò rẹ̀.

Rìbá náà ńkọ́? Àwọn kan ṣì ń pè é ní owó obì. Amẹ́ríkà ní òfin láti ọdún 1977, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2010, tó lè mú ilé-iṣẹ́ wọn tó bá fún òṣìṣẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ agẹ́ńtì wọn níbí, tẹ́ ẹ sì fi owó wọn ṣe é, ọ̀rọ̀ á kàn yín. Ẹ sì ti rí i nínú ọ̀rọ̀ P&ID pé owó tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ tábìlì wà lára ohun tó ba bílíọ̀nù 11 dọ́là jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ìjà bá ti dé

Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ WhatsApp, ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀, rìsíìtì bánkì, fọ́tò ọjà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣí kọ̀ǹténà, ẹ̀rí ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà lọ́gán láti sọ ohun tó bàjẹ́, torí ọ̀pọ̀ àdéhùn ló fún olùrajà ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti fi ẹ̀sùn kan ọjà. Bí owó bá ti lọ sọ́wọ́ ọ̀daràn, ẹ sáré lọ sí bánkì yín lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n gbìyànjú láti dá a dúró, lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí EFCC. Bí ó bá jẹ́ àìgbọ́ra-ẹni-yé lásán, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ìlàjà. Owó rẹ̀ kéré, òwò sì lè máa lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mú ìwé náà lọ bá lọ́yà tó mọ̀ nípa òwò, kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tá a kọ síbí lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi í, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò rẹ̀. Owó tí lọ́yà máa gbà láti ka ìwé ojú ewé mẹ́rin ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tẹ́ ẹ máa san fún ẹlòmíràn ní London láti bá yín túmọ̀ gbólóhùn kan nínú rẹ̀.